Bí A Ṣe Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Ṣe Síláìdì Tó Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Yọ

Ọmọ náà kẹ́yìn sí wa. Ìlà mẹ́rìnlá ló wà lórí síláìdì rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń kà á bọ̀ láti òkè. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò rí ohunkóhun kà. Àwọn tó wà níwájú ti kà á tán kó tó dé ìdajì, ojú wọn sì ti kọjá sí fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo ní kó pa kọ̀ǹpútà dé, kó kàn sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn màmá aláró fún wa, ó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó wo fèrèsé mọ́.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé àìmọ kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń ba síláìdì jẹ́. Ọmọ tí kò tíì mọ gbólóhùn tó fẹ́ sọ ló máa ń kó gbogbo ìwé rẹ̀ dà sójú pátákó, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ohun tó bá fi sílẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ṣe kókó. Bí a bá wá ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń yí àwọ̀ padà àti bí wọ́n ṣe ń mú kí lẹ́tà fò wọlé, ńṣe là ń kun ilé tí kò ní ìpìlẹ̀.

Èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ń kọ èyí fún: ẹni tó ní bí ogójì ọmọ nínú kíláàsì, kọ̀ǹpútà méjì tó ń ṣiṣẹ́, pùròjẹ́tọ̀ kan tí a gbọ́dọ̀ tọrọ ní ọ́fíìsì, àti iná tí kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: gbólóhùn kan ṣoṣo

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ wá bi wọ́n pé: bí iná bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ni ẹ fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ yín lọ sọ nílé? Gbólóhùn kan ni wọn yóò kọ, ó gbọ́dọ̀ pé, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnì kan lè sọ pé “Ó dá mi lójú pé kò rí bẹ́ẹ̀.”

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kọ orí ọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí aró kọ “Aró ní Òṣogbo.” Mo ní, aró ní Òṣogbo ṣe kí ni? Wọ́n padà wá pẹ̀lú “Aró ṣe pàtàkì púpọ̀ ní Òṣogbo.” Mo ní, ta ni yóò jiyàn ìyẹn? Ọmọ tí wọ́n ń kì ní oríkì ìlú aró láti kékeré kò nílò síláìdì kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ wẹ́rẹ́ pé, “Mà, aṣọ yẹn kì í jáde ní búlúù o. Bíi ewé ló máa ń rí nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ nínú ìkòkò. Níṣojú wa níbẹ̀ ló ti ń yí padà.”

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nìyí: “Inú afẹ́fẹ́ ni aṣọ aró ti ń di búlúù, kì í ṣe inú ìkòkò.” Òótọ́ ni, ó sì ní ìdí. Nínú ìkòkò, omi eérú àti kíkan tí aró ń kan máa ń sọ àwọ̀ inú ewé èlú di ohun tó lè yọ́ sínú omi. Bí aṣọ bá ti bọ́ sí gbangba, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á sọ àwọ̀ náà di búlúù padà, kò sì ní lè yọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró lára aṣọ.

Bí ẹ ṣe máa dán gbólóhùn wò: ẹ pe ọmọ kan láti ẹgbẹ́ mìíràn, kí wọ́n kà á fún un lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun náà sì tún un sọ. Bí kò bá lè tún un sọ, ó ti gùn jù tàbí ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: bébà, pẹ́ńsù àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀

Ẹ ká bébà A4 kan sí mẹ́jọ, kí ẹ gé e. Ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ síláìdì kan. Lókè ègé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò kọ gbólóhùn kan tó pé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò fi pẹ́ńsù ya àwòrán tó fi hàn pé gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́. Kò sí ohun mìíràn. Ẹ má gba ìlà olójúàmì, ìyẹn ìlà kéékèèké tí wọ́n ń fi àmì róbótó bẹ̀rẹ̀, láàyè lórí bébà yìí rárá.

Ti ẹgbẹ́ aró lọ báyìí, lẹ́yìn ègé tó gbé gbólóhùn ńlá wọn. Aṣọ méjì, ọ̀kan bí ewé, ọ̀kan búlúù: inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti wá. Ewé èlú ló ni àwọ̀ náà. Omi eérú ló ń jẹ́ kó yọ́. Aṣọ kì í tíì di búlúù nígbà tó bá jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń rì í léraléra tí wọ́n sì ń sá a ni yóò ṣe máa dú sí i. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í gba aró. Ẹ ka àwọn gbólóhùn yẹn tẹ̀ léra wọn láì wo àwòrán kankan. Ẹ óò rí i pé ìtàn ni. Ìdánwò tí mo ń ṣe fún gbogbo ẹgbẹ́ nìyẹn. Wọ́n á tẹ́ ègé bébà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnì kan á ka òkè wọn nìkan, àwa tó kù á dijú. Níbi tí ìtàn bá ti já, níbẹ̀ ni ègé kan ti sọnù tàbí tí òmíràn ti jókòó sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Bébà ṣeé sún, ó sì ṣeé jù nù. Ọmọ tó ti fi wákàtí kan ṣe síláìdì lórí kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ pa á rẹ́.

Àwọn ọmọ máa ń béèrè iye síláìdì tó yẹ. Guy Kawasaki, tó ti máa ń gbọ́ àlàyé àwọn oníṣòwò tó ń wá owó ìdókòwò, ní síláìdì 10, ìṣẹ́jú 20, kí lẹ́tà má sì kéré ju ìwọ̀n 30. Àwọn tó dá PechaKucha, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi síláìdì sọ̀rọ̀ ní ṣókí, sílẹ̀ ní Tokyo ní 2003 ní síláìdì 20, ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì parí ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Lójú tèmi, síláìdì mẹ́jọ tó fún ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú ìmọ̀ràn Kawasaki, 30 ti lẹ́tà yẹn ni mo dì mú ṣinṣin.

Kí ló dé tí òkè síláìdì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ gbólóhùn?

Mo máa ń sọ ìtàn kan fún wọn níbí, kì í sì í rọrùn fún mi láti sọ. Ní January 2003, ọkọ̀ òfurufú Columbia ti Amẹ́ríkà gbéra lọ sí gbangba òfurufú pẹ̀lú ènìyàn méje. Bó ṣe ń lọ, ègé fóòmù kan já kúrò lára àgbá epo rẹ̀, ó sì gbá apá òsì rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì wà lókè, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe síláìdì fún àwọn ọ̀gá NASA, àjọ tó ni ọkọ̀ náà, láti fi ṣàlàyé ohun tó ṣeé ṣe kó ti bàjẹ́. Orí ọ̀kan nínú síláìdì náà ń fọkàn ẹni balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ìlà tó kéré jù, lábẹ́ ojúàmì lórí ojúàmì, ni ọ̀rọ̀ gan-an wà: ìwọ̀n ègé fóòmù tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì ínṣì 1920, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tẹ́lẹ̀ jẹ́ 3 péré. Ìlọ́po 640 nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù February, ọkọ̀ náà tú ká bó ṣe ń padà bọ̀, àwọn méjèèje sì kú.

Èmi kò sọ fún àwọn ọmọ pé síláìdì ló pa wọ́n. Ohun tí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀ràn náà kọ sínú ìròyìn wọn ní August 2003 ni pé ó rọrùn kí ọ̀gá kan ka síláìdì yẹn kó má sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Mo máa ń kọ 1920 àti 3 sójú pátákó, màá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn tí ì bá wà lókè síláìdì náà. Kíláàsì kò tíì dákẹ́ tó báyẹn rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí aró kò dé

Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wá láti ilé. Ní Òṣogbo, kò ṣòro. Bí kò bá sí nínú àpótí màmá, yóò wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì, kí ẹ bi wọ́n pé: níbo ni iṣẹ́ ọnà wà lára aṣọ yìí? Wọ́n á nawọ́ sí ẹyẹ, sí ewé, sí àwọn ìlà wẹ́wẹ́. Ẹ wá bi wọ́n pé: ṣé aró dé ibẹ̀? Kò dé ibẹ̀. Ẹni tó ṣe é fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sè sórí aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró fi sílẹ̀. Ibi tí aró kò dé ni ojú fi ń rí ọnà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni síláìdì. Àyè tó ṣófo kì í ṣe àyè tó ṣòfò. Láti ìgbà tí mo ti ń fi aṣọ kọ́ wọn ni n kò ti ní láti bá wọn jà lórí kíkún síláìdì dé etí. Wọ́n á ti máa sọ fún ara wọn pé, “Fi ẹ̀kọ síbẹ̀.”

Àwòrán kan tó fẹ̀ sàn ju kéékèèké mẹ́rin lọ. Kí wọ́n ya tiwọn. Ẹni tó fẹ́ ya àwọn aláró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí wọn kú iṣẹ́, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ fi àwòrán náà ṣe, kó sì gba “Rárá” bí wọ́n bá sọ ọ́. Nínú igbó Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ayàwòrán ìlú wa jọ ṣe wà, kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n lè yà àti ibi tí wọn kò lè yà kí wọ́n tó gbé fóònù sókè. Ibi mímọ́ ni, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Àwòrán tí wọ́n bá mú láti íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun kékeré kan tó máa ń bà wá nínú jẹ́: WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, tí yóò fi di ṣíṣú lójú pùròjẹ́tọ̀. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, yóò wá bó ṣe wà.

Lẹ́tà, àwọ̀ àti àmì ohùn

Fèrèsé kíláàsì wa kò ní kọ́tìnì. Nínú oòrùn ọ̀sán, lẹ́tà funfun lórí dúdú máa ń pòórá. Lẹ́tà dúdú lórí funfun máa ń ṣeé kà díẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní èyí kí ẹ tó kọ́ wọn ní ẹwà. Yẹ́lò lórí funfun kò ṣeé kà níbikíbi. Pupa àti àwọ̀ ewé kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí àwọn ènìyàn kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìyẹn kò kan ìtàn aró wa, tó jẹ́ àwọ̀ ewé àti búlúù ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó fi pupa àti àwọ̀ ewé ya máàpù àdúgbò Òkè-Fìà gbọ́dọ̀ tún un yà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ Yorùbá láì fàmì sí i. Àmì ni ìyàtọ̀ àárín aró, arọ àti àrọ̀: ọ̀kan ni à ń rì aṣọ sí, ọ̀kan jẹ́ ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ọ̀kan sì jẹ́ ẹja. Gboard, áàpù tí a fi ń tẹ lẹ́tà lórí fóònù, ní Yorùbá, ó sì rọrùn láti fi tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n lo lẹ́tà tó mọ àmì wa dáadáa, bíi Noto Sans, Gentium tàbí Charis SIL. Bí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ lò kò bá ní lẹ́tà náà, àmì á sá kúrò lórí fáwẹ̀lì rẹ̀ tàbí kó di àpótí ṣófo. Nítorí náà, ẹ̀dà PDF, tó máa ń gbé lẹ́tà rẹ̀ dání, gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kọ̀ǹpútà, níkẹyìn

Kò gba ju ọjọ́ kan lọ báyìí, nítorí iṣẹ́ ti parí lórí bébà. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú pùròjẹ́tọ̀ ilé ẹ̀kọ́: àwọn tó ti pẹ́ máa ń jẹ́ 4:3 (ìbú sí gíga), PowerPoint òde òní sì máa ń ṣí ní 16:9. Kí wọ́n yan ìwọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá yí i padà lẹ́yìn náà yóò tún gbogbo àwòrán tò. Kí wọ́n yan síláìdì tó ní àyè àkọlé nìkan, kí wọ́n ṣe ọ̀kan dáadáa, kí wọ́n fi Ctrl+D ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é ní Google Slides tàbí WPS lórí fóònù. Lẹ́tà kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ yí, kò gbọdọ̀ pariwo.

Iṣẹ́ tó bá parí, kó wà lórí fílásì, kó wà nínú ímeèlì, kó sì wà lórí fóònù ẹni méjì nínú ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìgbìdánwò láì sí iná

Ìgbìdánwò àkọ́kọ́ kò ní síláìdì. Mo máa ń pa pùròjẹ́tọ̀, màá ní, “Iná ti lọ. Ẹ máa bá a lọ.” Ẹgbẹ́ tó mọ gbólóhùn mẹ́jọ rẹ̀ lórí yóò sọ ọ́ tán. Ẹgbẹ́ tó dákẹ́ yóò padà sí orí bébà, kì í ṣe sí orí kọ̀ǹpútà.

Ìgbìdánwò kejì ní síláìdì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, àyà rẹ̀ yóò kọjú sí wa. Kò gbọdọ̀ ka ohun tí a ti ń rí. Richard Mayer, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Barbara, ti fi ọ̀pọ̀ ìdánwò hàn pé àwòrán pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yé ènìyàn ju kí a tún kọ ọ̀rọ̀ ẹnu kan náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ojú á máa sáré láàárín àwòrán àti ìwé. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro tàbí orúkọ tí a kò gbọ́ rí nìkan ni kí wọ́n kọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí a wo òun nìkan, kó tẹ B: ojú pátákó á ṣókùnkùn, títí yóò fi tún un tẹ̀. F5 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ tó sì dé, kó yan síláìdì tó dúró sí, Shift+F5 á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kí ọmọ mìíràn jókòó sí ìjókòó tó kẹ́yìn jù lọ, kó máa gbé ọwọ́ sókè nígbàkigbà tí kò bá lè kà á. Kò sí olùkọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ yìí láti iwájú.

Nípa máàkì

Nínú 100, mo máa ń fi 40 sí gbólóhùn àti bí wọ́n ṣe tò ó, 30 sí ọ̀rọ̀ ẹnu, 20 sí àwòrán àti lẹ́tà, 10 sí àkókò. Àwọn olùkọ́ kan rò pé 20 ti kéré jù fún ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ síláìdì. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ kan bá parí, kí wọ́n má gbé síláìdì “Ẹ ṣé” síta. Ẹnu là fi ń dúpẹ́. Kí wọ́n padà sí àwòrán tó gbé gbólóhùn ńlá wọn, kí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi béèrè ìbéèrè rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á, kí ẹ fún gbogbo kíláàsì ní bébà ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí oníkálukú kọ ohun kan tó rántí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà láì kà á. Kí wọ́n kà á fúnra wọn, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún yín, kí kíláàsì tó tú ká, síláìdì tí wọn yóò yí padà àti ìdí rẹ̀.